Ìlérí Ọlọ́jọ́ Mẹ́rìnlélógún: Ẹ̀gbọ́n Kan àti Òfin IR35 ní Lọ́ńdọ̀nù

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tán lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Wọn kì í pè mí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, torí ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ mọ iye tí wákàtí kan jẹ́. Wọn ò dúró gba ìkíni mi. "Àbúrò, ṣé ò ń wo tẹlifíṣọ̀n? Wọ́n ti fagi lé IR35! Ó tán!" Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó wọn lẹ́yìn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Èmi náà ń wò ó. IR35 ni òfin owó orí tó ń dé bá agbaṣẹ́ṣe bíi ẹ̀gbọ́n. Kwasi Kwarteng, mínísítà ètò ìṣúná tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ipò, ló dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tó sọ yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí ẹ̀gbọ́n gbọ́, ibi ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn sì ni wàhálà gbà wọlé.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní Peckham. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá, kì í ṣe bí òṣìṣẹ́ olóṣù, bí agbaṣẹ́ṣe ni. Mo gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kí n tó kọ èyí, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ títí dé ibi tí èmi náà ti ṣe àṣìṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dán ètò kọ̀ǹpútà wò kí báńkì tó gbé e síta fún aráyé. Ọdún 2014 ni wọ́n fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀, tí wọ́n dá kọ́ńpìnnì tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìyá wọn pè é. Nígbà tí wọ́n sọ fún Màmá lórí fóònù pé àwọn ti di kọngílá, Màmá béèrè pé títì wo ni ìjọba gbé fún wọn ṣe. Wọ́n fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀rí kọ́ńpìnnì náà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn ní Thamesmead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

Bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, alágbàtà á bá a wá a. Kọ́ńpìnnì ẹni náà á kọ ìwé owó, wọ́n á san án. Òun fúnra rẹ̀ á gba owó oṣù táṣẹ́rẹ́, kọ́ńpìnnì á san owó orí lórí èrè, yóò sì kó ìyókù bí ìpín onílé-iṣẹ́, ìyẹn dividend. A kì í san National Insurance, ìyẹn owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń san sápò ìjọba lórí owó oṣù, lórí dividend. Ohun tó bí ìjọba nínú nìyẹn. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta 1999, ọjọ́ tí Gordon Brown ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, àjọ owó orí gbé ìwé ìkéde kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ IR35, nọ́ńbà náà sì di orúkọ òfin títí dòní. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2000 ni òfin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé, bí a bá yọ kọ́ńpìnnì kúrò láàárín, ṣé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn kọ́ ni ẹni yìí? Wọ́n á wò ó bóyá ó lè rán ẹlòmíràn wá ṣe iṣẹ́ náà dípò ara rẹ̀, bóyá wọ́n ń darí bó ṣe ń ṣe é, bóyá ó di dandan kí wọ́n máa fún un níṣẹ́ kí òun náà sì máa gbà á.

Mi ò ní parọ́, ẹni tí òfin yẹn ń bá wí wà. Mo mọ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kan náà fún ọdún méje, tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó ṣọdún Kérésìmesì, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní kọ́ńpìnnì. Ẹ̀gbọ́n ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ṣiṣẹ́ fún láàárín 2014 sí 2020. Ẹ̀rọ wọn ni wọ́n ń lò, àwọn fúnra wọn ló ń san owó adójútòfò, ọjọ́ tí ara wọn ò bá yá, kò sí owó. Nígbà àrùn Kòrónà, iṣẹ́ dúró pátápátá. Ìrànwọ́ tí ìjọba ṣe fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ kò kan ẹni tó ní kọ́ńpìnnì tirẹ̀. Èyí tó kàn wọ́n ni ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń san fún ara wọn, ìyẹn £575 lóṣù, a ò sì ka dividend mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń san owó orí, ìjọba mọ̀ wọ́n. Nígbà tí àjálù dé, kò dá wọn mọ̀.

Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bóyá òun wà nínú IR35 tàbí níta, bó bá sì ṣì í, ọrùn rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹrin 2017, ìjọba gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ọba, ó gbé e fún iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n. Ó yẹ kó kan ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2020, àrùn dé, wọ́n sún un di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2021. Láti ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ ńlá àti alábọ́ọ́dé ló ń pinnu, kékeré nìkan ni kò kàn. Bí ó bá sọ pé agbaṣẹ́ṣe wà níta tí àjọ owó orí wá já a nírọ́, gbèsè lè bọ́ sọ́rùn òun tàbí ti alágbàtà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kí ni amòfin báńkì á wá ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó gbogbo ènìyàn sínú.

Ìlà mẹ́rin ni lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n gbà. Ó ní gbogbo ẹni tó ń dán ètò wò nílé-iṣẹ́ náà ti wà nínú IR35, ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó gba abẹ́ umbrella. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo bá wọn kọ ẹ̀hónú, ojú ìwé mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n fèsì pé ìpinnu ò yí padà.

Umbrella ni ilé-iṣẹ́ tó máa ń kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe sínú ìwé òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ alágbàtà, tó ń yọ owó orí kó tó san ìyókù. Ọ̀kan tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ní òun á fi apá kan owó wọn ṣe ẹ̀yáwó tí wọn ò ní san padà láé, kí owó orí lè kéré. Mo ní kí wọ́n sá. Irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbaṣẹ́ṣe sí gbèsè tó ń ba ilé jẹ́ nígbà tí òfin loan charge, tó ń gba owó orí lórí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, dé ní oṣù kẹrin 2019. Wọ́n mú èyí tó ń tẹ̀lé òfin. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń tẹ̀lé òfin náà, ohun kan wà tó máa ń ya oníbàárà mi kọ̀ọ̀kan lẹ́nu nígbà tó bá kọ́kọ́ rí ìwé owó oṣù rẹ̀: National Insurance ti agbanisíṣẹ́ gan-an, inú owó ojúmọ́ agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àní owó ìsinmi tí wọ́n ń san fún un, inú owó kan náà ló ti ń wá.

Mo bá ẹ̀gbọ́n ṣírò rẹ̀ lórí ìwọ̀n tó wà ní 2022. £450 ni owó ojúmọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 220 lọ́dún, £99,000 nìyẹn. Lábẹ́ umbrella, kí owó orí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, £450 ti di bíi £390. Nígbà tí gbogbo yíyọ bá parí, ohun tó dé ọwọ́ wọn ò tó £58,000. Ká ní wọ́n wà níta, bíi £67,000 ni ì bá dé ọwọ́ wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní £9,000. Yunifásítì tí ọmọ wọn obìnrin ń lọ ń gba £9,250 lọ́dún nígbà náà.

Ní oṣù kẹsàn-án yẹn, ìwé méjì wà lórí tábìlì wọn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Reading fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ olóṣù, £72,000 lọ́dún, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì kí oṣù tó parí. Alágbàtà wọn náà fẹ́ fa iṣẹ́ umbrella gùn títí di ìparí ọdún. Wọ́n ti ń mú ti Reading lọ. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún 51, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ìyàwó wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti sọ fún mi pé òun fẹ́ sùn lóru kan láìka oṣù tó kù kí iṣẹ́ ọkọ òun parí.

Ọ̀rọ̀ Kwarteng ló yí i padà. Ohun tó sọ ni pé láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2023, ìjọba á fagi lé àtúnṣe 2017 àti ti 2021. IR35 fúnra rẹ̀ ò lọ síbì kan. Òfin ọdún 2000 ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Ìpinnu ló ń padà sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, òun àti gbèsè tó lè tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí WhatsApp, kú oríire ni àwọn ènìyàn wa ń kí ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì ni. Kò tíì di òfin. Wọn ò sì tíì sọ ibi tí owó tí wọ́n ń pín káàkiri yìí máa ti wá."

"Mínísítà ló dìde nílé aṣòfin tó sọ ọ́, Àbúrò. Ẹgbẹ́ wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ta ló máa dá wọn dúró?"

"Ẹ bẹ àwọn ará Reading kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

"Bí mo bá bẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọkàn mi ò sí níbẹ̀." Wọ́n wo ìwé ìṣirò tí mo tẹ̀ síwájú wọn. "Ìwọ náà rí i. Oṣù mẹ́fà péré ni kí n fara dà."

Ohun tó ṣì ń dùn mí dòní nìyí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ: ẹ má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe. Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bá wọn wo ìwé owó umbrella lóṣooṣù, inú èmi náà dùn pé ìjọba kan gbọ́ igbe wa. Mo ní, "Ìpinnu yín ni, Ẹ̀gbọ́n." Oníṣirò owó tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn ti sá níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ 28 wọ́n kọ̀wé sí Reading pé àwọn dúpẹ́, àwọn ò ní lè wá.

Lọ́jọ́ 28 yẹn gan-an ni Bank of England bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé gbèsè ìjọba kí owó ìfẹ̀yìntì aráàlú má baà wó. Ọjọ́ méjì ṣáájú, pọ́n-ùn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là kan àti sẹ́ńtì mẹ́ta, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ sí dọ́là rí. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ìjọba ṣèlérí láti dín owó orí kù lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sọ bí yóò ṣe san án, àwọn tó ń yá a lówó sì bẹ̀rù. Àwọn báńkì ń kó mọ́gééjì wọn kúrò lórí àtẹ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ìpíndọ́gba èlé lórí mọ́gééjì ọlọ́dún méjì ti kọjá 6%. Ti ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ wá parí ní oṣù kìíní.

Ẹ̀gbọ́n ò dìbò fún Liz Truss, olóòtú ìjọba tó yan Kwarteng, èmi náà ò dìbò fún un. Nígbà tí Boris Johnson sọ ní oṣù keje pé òun ń lọ, ẹgbẹ́ Conservative nìkan ló yan ẹni tó rọ́pò rẹ̀ bí olóòtú ìjọba, inú ìpolongo yẹn sì ni Truss ti sọ pé òun á tún IR35 yẹ̀ wò. Sajid Javid, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, ti ṣe irú ìlérí yẹn kí ìbò 2019 tó wáyé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ní ọdún 2022 nìkan, mínísítà ètò ìṣúná mẹ́rin ló jókòó sórí àga yẹn: Rishi Sunak, Nadhim Zahawi, Kwarteng, Jeremy Hunt. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìwọ̀n owó orí ló ń ba agbaṣẹ́ṣe lẹ́rù jù. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn oníbàárà mi. Owó orí tó ga tó sì dúró sójú kan, ènìyàn á kà á mọ́ owó ojúmọ́ tó ń bèèrè, á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Èyí tó ń yí padà bí olórí bá ti ń yí padà, kò sí iye tí a lè bèèrè tó lè kájú rẹ̀. A ò lè torí rẹ̀ gba iṣẹ́, a ò lè torí rẹ̀ kọ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹwàá, ìjọba yí ẹnu padà lórí dídín owó orí àwọn olówó ńlá kù. Lọ́jọ́ 14, Truss lé Kwarteng kúrò, ó sì dá owó orí kọ́ńpìnnì padà sí 25% tí Sunak ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ti IR35 ṣì wà, àbí?" Mo ní ó ṣì wà. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 17, Hunt jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sì fagi lé ìlérí náà. Ìjọba ṣírò pé bíi bílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn lọ́dún ni òun á fi rí gbà padà. Gbólóhùn kan péré ni, láàárín àwọn gbólóhùn mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ìlérí náà lò láyé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Truss fúnra rẹ̀ ní òun ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò pè mí. Èmi ni mo pè wọ́n. "Mo ti gbọ́, Àbúrò." Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí. "Ṣé kí n kọ̀wé padà sí Reading?" Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èsì dé lọ́jọ́ kejì, ó kún fún ọ̀wọ̀: wọ́n ti rí ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ umbrella parí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọn ò fà á gùn mọ́. Ní oṣù kìíní, owó mọ́gééjì wọn kúrò ní £1,020 lóṣù, ó di £1,430. Wọ́n jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìyàwó wọn ń gba iṣẹ́ òru kún ti ọ̀sán. Ní oṣù kẹrin 2023 wọ́n rí iṣẹ́, umbrella náà ni, £400 lójúmọ́.

Láti ìgbà yẹn, oníbàárà kankan kì í gba ìmọ̀ràn lẹ́nu mi lásán lórí ohun tí ìjọba sọ. Mo máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà: ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i bí òfin, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ni ẹ máa jẹ, níbo ni ẹ máa gbé, bí wọ́n bá yí i padà kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, mo máa ń sọ fún un gbangba pé kó má kọ iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn kan ti bínú sí mi.

Ìjọba tún yí padà ní oṣù keje 2024, ẹgbẹ́ Labour wọlé. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹwàá, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná wọn, kéde pé National Insurance ti agbanisíṣẹ́ á kúrò ní 13.8%, á di 15% láti oṣù kẹrin 2025, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á á sì wálẹ̀ láti £9,100 sí £5,000. Gbogbo ìròyìn ń sọ pé agbanisíṣẹ́ ló máa san án. Ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tó máa san án lábẹ́ umbrella. Mo ṣírò rẹ̀: lórí £400 lójúmọ́, ó lé ní £1,200 lọ́dún tó bọ́ nínú owó oṣù wọn kí owó orí tiwọn tó kàn án.

Ní oṣù kejì 2025 wọ́n wọ ọ́fíìsì mi, wọ́n ní kí a pa kọ́ńpìnnì náà rẹ́. Kò ti ṣiṣẹ́ kankan láti 2021, ọdọọdún ni mo ṣì ń bá wọn fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí wọ́n ń retí. Mo ṣí fọ́ọ̀mù DS01, wọ́n buwọ́ lù ú. Mo ṣàlàyé pé wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìjọba tó ń jẹ́ Gazette, bí kò bá sí ẹni tó ta kò ó fún oṣù méjì, Companies House, iléeṣẹ́ ọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, á yọ ọ́ kúrò.

Wọ́n bi mí bóyá ìjọba máa gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà. Mo ní rárá, tiwọn ni.

"Ó dáa nígbà náà," wọ́n ní. "Orúkọ Màmá ló wà lára rẹ̀. Ibi tó wà náà ló máa wà."